Ẹ Má Da Íntálọ́ọ̀kì Lé Ọgbà Ìyé Lórí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọ̀kún o. Ìkíni ilé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé ìjà ni mo gbé wá. Ọ̀kún ìnáwó, ọ̀kún wàhálà Èkó, ọ̀kún àwọn ọmọ.

Mo mọ̀ pé inú yín kò ní í dùn pé ibi tí tẹrú-tọmọ ti lè kà á ni mo kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí WhatsApp ìdílé wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ti àkọ́kọ́, àwòrán "ẹ kú àárọ̀" tí àbúrò Bàbá wa máa ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ti ìkejì, ẹnì kan fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo ti Lọ́kọ́ja délé sí Kàbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, òkìtì yanrìn méjì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Bíríkìlà sì ti fi okùn funfun wọn gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó na okùn náà gba àárín poro tẹ̀tẹ̀ kọjá. Ó ní ẹ ti san ìdajì owó fún òun láti da íntálọ́ọ̀kì, símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, bo ọgbà Ìyé, ìyá wa, mọ́lẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi kọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Láti Kàbà dé Ìyàrá, dé Mópà, dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, bí ọdún Kérésì bá ti ń kanlẹ̀kùn, owó á máa ti Èkó àti Àbújá wọlé, wọn á ní kí wọ́n da íntálọ́ọ̀kì sí àgbàlá ìyá àwọn. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ dà á mọ ohun tó fẹ́ dà á lé ni.

Kí n tó lọ jìnnà: ẹ̀yin lẹ san owó ilé ìwòsàn Ìyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó bá yín dá kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, èmi náà ò sì ní í pa á mọ́lẹ̀ torí pé mo fẹ́ jàre. Ẹ̀yin náà lẹ fi táìsì sí ojú oórì rẹ̀ ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń lọ wo ojú ara wọn nínú rẹ̀. Mo máa ń lọ síbẹ̀. Ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ni déètì méjì àti àwòrán tí wọ́n yà fún káàdì ìdìbò, èyí tí Ìyé lejú koko nínú rẹ̀ torí oòrùn. Mo máa ń gbá ewé kúrò, mo máa ń gbàdúrà díẹ̀, mo sì máa ń tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń pẹ́.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹ ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, abẹ́ kánópì iwájú lẹ jókòó sí pẹ̀lú àwọn àlejò yín. Ẹ jẹ́ n mú yín yí i ká.

Bí ẹ bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ewúro lẹ óò kọ́kọ́ bá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ ti nípọn tó apá mi. Ìyé kì í jẹ́ kó ga ju èjìká òun lọ. Bó bá ti fẹ́ máa ṣe gìrìgìrì, á bẹ́ orí rẹ̀, á fi ẹ̀ka tó bẹ́ gún ilẹ̀ fún aládùúgbò kan, ìyẹn náà á sì hù. Mo ti ka ewúro mẹ́rin ní òpópó wa tó jẹ́ ọmọ tiwa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà, ni ẹ̀fìrín wà. Ẹ ò lè ní ẹ ò rántí ìyẹn, torí nínú gbogbo wa, ẹ̀yin ni inú ń run jù. Ìyé á fọwọ́ ra á, á fún un sínú ife onírin, á wọ́n iyọ̀ sí i, á sì fi ìka méjì fún yín nímú títí ẹ ó fi gbé e mì. Ẹ ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ nísinsìnyí, àmọ́ mo ṣì ń rí ojú tí ẹ máa ń fà.

Poro ẹ̀fọ́ ló tẹ̀ lé e. Tẹ̀tẹ̀, sọkọ, gbúre, àti ìsápá funfun tó máa ń fi egúsí sè fún wa lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú iyán. Poro mẹ́sàn-án péré ni. Gbogbo ọgbà náà látòkè délẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mi 18 ní gígùn àti 11 ní ìbú lọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, torí nígbà tí a wà ní kékeré tí wọ́n bá ní ká lọ bomi rin ín, a máa ń rò pé oko odidi ìlú ni.

Máńgòrò tó wà láàárín, ọdún 1991 ni Ìyé gbìn ín. Ó ń gbẹ́ ihò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò Bàbá kéde pé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ni. Ìyẹn ni Ìyé, tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kì í fi í ṣi ọjọ́ orí igi náà sọ, bó tilẹ̀ máa ń ṣi tiwa sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí ẹ máa ń fi í yangàn fún wa lọ́jọ́ kìíní àná, àbúrò yín ni igi yẹn. Ọmọ Kogí pọ́ńbélé ni. Bíríkìlà ní ẹ ní kí àwọn gé e torí pé ewé rẹ̀ ń dọ̀tí ilẹ̀.

Abẹ́ òjìji igi yìí ni wọ̀rọ̀wọ́ wà. Wọ̀rọ̀wọ́ kò fẹ́ oòrùn rárá. Ọwọ́ ìtàkùn rẹ̀ lèèyàn ń gé gbìn. Èèyàn á bo ìdí rẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù, á wá igi tó lè fà mọ́ fún un. Bí ẹ bá gé máńgòrò, ẹ ti pa òun náà, bíríkìlà ì báà má fọwọ́ kàn án. Ìyé máa ń sọ pé wọ̀rọ̀wọ́ dà bí ìyàwó tuntun: kò lè dá dúró, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wo òun.

Àgbọn tó wà nígun ògiri, ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Olóbi yín ni. Ilé ni wọ́n bí yín sí. Ìyá Àgbà ló gbẹ́ ilẹ̀ tó sin ín, tí Ìyé sì gbin àgbọn lé e lórí nígbà tí wọ́n sọ yín lórúkọ tán. Tèmi kò sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí mi sí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí wọ́n da tèmi nù sí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, mo jókòó sídìí àgbọn náà, mo ń sunkún pé Bùọ̀dá ní igi, èmi kò ní. Ìyé kò bá mi sọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Ó bu kóró dúdú mẹ́ta sí mi lọ́wọ́, tó rí bí iyèré, ó ní kí n lọ gbìn ín síbi tó bá wù mí. Tannápòṣó ni.

Òdòdó yẹn, tí àwọn tó ń tún ilẹ̀ ṣe máa ń kà sí koríko lásán, gbogbo òwúrọ̀ ló fi ń pa ẹnu dé. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pupa, funfun, òmíràn á sì dà bí ẹni pé wọ́n ta ọ̀dà méjì pọ̀ sára rẹ̀. Aago ilé wa tó wà lára ògiri ti kú ṣáájú kí n tó wọ ilé ìwé. Òdòdó yìí ni Ìyé fi ń dáná alẹ́. Á na ọrùn síta, á ní, "Tannápòṣó ti là, ẹ gbé omi iyán kaná." Ó ṣì ń là lákòókò yẹn lónìí. Láti ibi tí mo gbìn ín sí ló ti tàn dé ìdí kànga, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ọ̀kan ló kù, èyí tí mo rò pé ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Igi tó ń fà lórí ògiri lápá ìwọ̀ oòrùn, tí ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé torí pé ejò lè gbà á wọlé, èlú ni. Ìyé kò pa aṣọ láró lójú mi rí. Ṣùgbọ́n Ògìdì ló ti wá, ìlú kan náà tí Nike Okundaye tí ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ ti jáde, ìyá Ìyé sì jẹ́ aláró. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú di aró. Mo bi Ìyé léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló ń fi èlú ṣe nígbà tí kì í ṣe aláró. Ó ń tu koríko lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá mi nìyẹn," ó sì ń bá koríko rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ní oṣù kìíní tí a sin Ìyé, àwọn alásè wá bá mi, wọ́n ní kí n fi ibi tí wọn yóò gbé àdògán sí hàn wọ́n. Orí mi ń gbóná, ọgọ́rùn-ún nǹkan ni wọ́n ń bi mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àdògán mẹ́fà ni wọ́n rì sórí tẹ̀tẹ̀ àti sọkọ. Wọ́n da omi gbígbóná àti òróró díndín sílẹ̀, wọ́n ko igi ìdáná jọ sórí gbúre. Èmi fúnra mi, ọwọ́ ara mi, ni mo fa ìsápá tu kí àyè lè gba odó. Ìyá arúgbó kan láti ilé kejì dúró, ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa gbogbo ìsápá tí mo fà tu, ó fi ìtàkùn so ó pọ̀, ó gbé e rù lọ ilé rẹ̀. Mo rò pé yóò lọ fi sebẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ bínú díẹ̀ nínú ọkàn mi pé òkú Ìyé ò tíì tutù tán tí wọ́n ti ń kó ẹrù rẹ̀.

Mi ò padà wá ilé títí di oṣù kẹrin. Ilẹ̀ náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ó le bí àpáta, mo sì rò pé ó ti tán nìyẹn. Bóyá èmi gan-an ni n bá ti kọ́kọ́ pe bíríkìlà. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí mo tún wá, gbúre ti ta láti inú gbòǹgbò tó wà lábẹ́ igi ìdáná. Tẹ̀tẹ̀ hù bí ẹni pé wọ́n da gàárì tútù sílẹ̀, ó sì ṣù mọ́ra jù lọ níbi tí eérú àdògán pọ̀ sí gan-an. N kò gbin ìkankan. Àwọn kóró tó ti re láti ọdún tó kọjá, tí Ìyé fọwọ́ ara rẹ̀ gbọ̀n sílẹ̀, ló wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń retí omi.

Ìsápá nìkan ni kò padà. Mo ń wo àyè rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá arúgbó ọjọ́sí gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ó tú ìṣẹ́po ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan tó dì ní kókó jáde. Kóró ìsápá ni, ó fi eérú pò ó kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ó ní, "Ti Ìyé yín ni." Ó yí padà, ó lọ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sọ títí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní ejò. Òótọ́ ni, wọ́n pa ọ̀kan ní oṣù kẹjọ, nídìí òkìtì búlọ́ọ̀kù tí ẹ kó jọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Inú búlọ́ọ̀kù ló ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe inú ẹ̀fọ́. Ẹ óò ní àlejò máa pọ̀ níbi ìrántí ọdún kan, wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹrọ̀fọ̀. Oṣù kìíní ni ìrántí, nínú ọyẹ́, níbo ni ẹrọ̀fọ̀ yóò ti wá?

Ọ̀rọ̀ omi gan-an ló yẹ ká jókòó sọ. Ilé tó wà lókè wa ti da íntálọ́ọ̀kì tirẹ̀ láti èṣí. Gbogbo omi òrùlé wọn àti ti àgbàlá wọn, nígbà tí kò ríbi wọ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá. Bó bá ti dé inú poro Ìyé, á dúró, ilẹ̀ á mu ún. Mo dúró lójú fèrèsé ní oṣù keje, mo ń wò ó: omi pupa ń sáré bọ̀, ó dé ìdí sọkọ, ó rẹ̀ wẹ̀sì. Tí àwa náà bá di tiwa pa, ilé tó wà nísàlẹ̀ ni a óò da omi ilé méjì lé lórí, ilé opó kan sì ni, ẹ mọ̀ ọ́n, bíríkì amọ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀. Kànga wa náà ńkọ́? Omi tí ilẹ̀ kò mu, kànga kì í rí i fà. Mi ò bá símẹ́ńtì ṣọ̀tá o. Ọbájáná tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ló ń jẹun nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀.

Àwọn àgbà ìdílé ní obìnrin ni mí, mo ti wà nílé ọkọ, kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi. Mo gbọ́. Èmi kò fẹ́ pín ilé. Ẹ fi orúkọ ẹni tó bá wù yín sórí ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni mò ń sọ, ẹ̀fọ́ kì í sì í ṣe tiwa nìkan.

Ẹ rántí òfin kan ṣoṣo tí Ìyé ṣe lórí ọgbà náà. Ẹnikẹ́ni lè já ewé níbẹ̀ láìtọrọ. Ṣùgbọ́n bó bá já a tán, ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kó sọ ọ́ síta: "Ìyé, mo já ewé o." Ìyé á sì dáhùn láti inú ilé, ì báà jẹ́ orí àdúrà ló wà: "Ó dáa, fi ti ọ̀la sílẹ̀ o." Báyìí ni ìyá aránṣọ ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́, báyìí ni olùkọ́ tó wà ní ìkángun ṣe ń jẹ ẹ́ nígbà tí owó oṣù kò bá wọlé. Àgùnbánirọ̀ kan tilẹ̀ já èlú lọ́jọ́ kan, ó rò pé ẹ̀fọ́ ni. Ìyé lé e dé ojú títì, ó gba èlú, ó fi sọkọ dípò, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, mo wà lórí ibùsùn Ìyé, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń já ewé. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ohùn wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ:

"Ìyé, mo já ewúro o."

Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mo wà nílé. Oṣù mẹ́wàá gbáko tí Ìyé ti lọ, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń dúró gba èsì. Mo la ẹnu. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, kò kàn jáde ni. Nígbà tí mo fi máa ṣí ilẹ̀kùn, ipa bàtà rẹ̀ nìkan ló kù nínú ìrì. Mo lọ wo ewúro. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ló já. Gbogbo ọ̀mùnú orí rẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da íntálọ́ọ̀kì sí iwájú ilé níbi tí mọ́tò ń dúró sí; ó tọ́ síbẹ̀, èmi gan-an yóò dúró ti bíríkìlà kó má bàa fi yanrìn rẹ́ yín jẹ. Ẹ jẹ́ kí owó tó bá ṣẹ́kù fi ìdérí gidi sí kànga. Ẹ ní kí wọ́n kó òkìtì búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò. Kí ẹ̀yìnkùlé wà bó ṣe wà. Bíríkìlà ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni òun ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ bá mi pè é ṣáájú ọjọ́ náà; kò gbà kí n dá òun dúró, ó ní ẹ̀yin lòun mọ̀.

Mo ti fi àpò kékeré kan rán dẹrẹ́bà tó ń bọ̀ sí Èkó lọ́la. Yóò pè yín bó bá dé gáréèjì. Ọwọ́ wọ̀rọ̀wọ́ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, mo fi àpò ìdọ̀họ tútù wé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú fírìjì. Mo mọ̀ pé ilé yín níbẹ̀ kò ní ilẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti lu ní ìdí náà dára, kí ẹ ṣáà rọ ilẹ̀ dúdú sínú rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́yìn ilé lábẹ́ ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn kì í dé.

Èmi ni,
Àbúrò yín obìnrin, ní Lọ́kọ́ja.